Ọwọ́ Tí Ìtùnú Nà sí Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìtọ́jú ọmọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sùúrùlérè, kì í ṣe iṣẹ́ ni mo wá wá. Ọmọ mi, Àìṣá, ni mo gbé lọ síbẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe nígbà náà ní Múṣín, mo sì ti gbé ọmọ náà fún ẹni mẹ́ta wò láàárín oṣù méjì, torí kò sí èyí tí ọkàn mi balẹ̀ sí nínú wọn. Màmá tó ni ilé náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní kí n jókòó. Mo bi í bóyá wọ́n ń se omi tí wọ́n fi ń po oúnjẹ ọmọ, mo bi í ìṣẹ́jú mélòó ni omi náà fi ń hó, mo bi í ẹni tó ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bá sùn àti ibi tí wọ́n ń tọ́jú oògùn sí. Ó dá mi lóhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wá béèrè bóyá irin wà lójú fèrèsé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Àìṣá, ìwọ gan-an ni kí o wá máa ṣọ́ wọn. Mi ò tíì rí ẹni tí ẹ̀rù ọmọ ń bà tó báyìí."

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún àbúrò mi, mo sì di Àǹtí Ràṣídá. Ọdún kẹjọ rèé.

Yàrá mẹ́ta la ní. Àwọn ọmọ ọwọ́ wà ní àkọ́kọ́, àwọn tó ń rákò wà ní ìkejì, àwọn tó ń rìn wà ní ìkẹta, ibẹ̀ sì ni mo wà. Ọmọ tó ń rìn ló ń fúnni ní iṣẹ́ jù, torí ó ti lè dé ibi gbogbo, kò sì tíì lè sọ ohun tó rí níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá kọ́ mi ni ìwé ojúmọ́. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, a sì ń kọ ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ sínú rẹ̀: ohun tó jẹ, ìgbà tó sùn, ìgbà tó yàgbẹ́, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bó bá ṣubú. Aago ni kí o kọ́kọ́ kọ, kí o tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o tó kọ ohun tí o ṣe sí i. Iṣẹ́ yìí bá mi lára mu. Bàbá ọmọ kan ka ìwé mi nígbà kan, ó rí i pé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ òun bu Káyọ̀dé jẹ, mo bá a wí. Pé ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, Káyọ̀dé bu ọmọ òun náà jẹ padà, mo bá àwọn méjèèjì wí. Ó pa ìwé náà dé, ó ní, "Àǹtí, ta ló wá borí?"

Ohun kejì tí Màmá kò fi ṣeré ni ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní òbí lè má mọ̀ bóyá ọmọ sùn dáadáa lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dé ilé tó na ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá àgbà, gbogbo ilé ni yóò mọ̀ pé a kò kọ́ ọ. Ìdí bísíkíìtì la ti ń kọ́ wọn. Ọmọ tó bá na òsì, wàá gbé bísíkíìtì sókè díẹ̀, wàá ní, "Ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?", wàá sì dúró. Bó bá tún na òsì, wàá fi ìka méjì lù ú lẹ́yìn ọwọ́ náà, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń sùn. Kò gbọ́dọ̀ dùn ún. Kò sí ọmọ kan tó gba yàrá mi kọjá tí mi ò ṣe é fún, títí kan Àìṣá.

Ìtùnú pé ọdún méjì àti oṣù kan nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kan nínú àwọn ibùdókọ̀ ọ̀nà jíjìn ní Jíbówú, nítorí náà ọmọ yìí ló máa ń kọ́kọ́ dé, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Kì í ké bí ìyá rẹ̀ bá ń lọ. Á jókòó sórí ẹní, á máa wò mí bí mo ṣe ń to àwọn ife, bí ẹni tí wọ́n rán wá kó yẹ iṣẹ́ mi wò. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ bíi ogún sọ. Ìyá rẹ̀ bẹ ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi: bí kò bá ti sí ẹ̀jẹ̀, kí n jọ̀ọ́ má pe òun lẹ́nu iṣẹ́, torí ọ̀gá wọn kì í fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ ẹni tó bá wà nídìí káńtà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, òjò ti rọ̀ lóru, àwọn ọmọ kò lè jáde sí àgbàlá. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìtùnú gun àga oníke kékeré kan tí kò ga tó orókún mi, ó fẹ́ wo ìta lójú fèrèsé. Àga náà yẹ̀, ó ṣubú sẹ́yìn, ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì kan ilẹ̀. Kì í ṣe ìró ńlá. Mo máa ń gbọ́ ìró tó jù ú lọ kí ọ̀sán tó pọ́n lójoojúmọ́. Ó ké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun tí a sì fi kọ́ mi ni pé ọmọ tó ṣubú tí kò ké ni kí ẹ̀rù bà mí. Mo gbé e, mo fi ọwọ́ na ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní ilẹ̀ burúkú, ilẹ̀ tó gbá Ìtùnú lórí, òun náà sì sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Ó dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo wò ó bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Orí rẹ̀ kò wú, kò bì, kò tòògbé, ojú rẹ̀ méjèèjì ń tẹ̀ lé ìka mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo mú fóònù láti pe ìyá rẹ̀, mo rántí ohun tó bẹ̀ mí, kò sì sí ẹ̀jẹ̀. Mo gbé fóònù náà padà sórí pẹpẹ.

Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èmi àti Bùsáyọ̀, ọmọbìnrin tí a jọ wà ní yàrá náà, to àwọn ọmọ jókòó fún bísíkíìtì. Nígbà tó kan Ìtùnú, ọwọ́ òsì ló nà sí mi.

Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?"

Ó wo bísíkíìtì, ó wo ojú mi, ó tún na òsì. Ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n láti bí oṣù mẹ́ta ni, òun la fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù. Bùsáyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìtùnú gbé agídí wá láti ilé lónìí. Ẹ má dá a lóhùn, Àǹtí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwa la ni ibí ni."

Mo gbé bísíkíìtì sókè. Ó na òsì nígbà kẹta. Mo fi ìka méjì lù ú lẹ́yìn ọwọ́. Kò dùn ún, ṣùgbọ́n ojú tì í, ẹkún sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo wá mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo gbé bísíkíìtì lé e. Ó bọ́ sílẹ̀. Mo ṣà á, mo tún gbé e lé e. Ó tún bọ́. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá ń ju oúnjẹ nù kò ní jẹ ẹ́, mo sì gbé àwo kọjá sọ́dọ̀ ọmọ tó kàn.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé nìyí: "Aago mẹ́wàá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń na ọwọ́ òsì. Mo bá a wí. Ó ju bísíkíìtì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò jẹ."

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìwé yẹn, mi ò kọ ohun tó péye tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmì àìsàn náà wà níbẹ̀, aago rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi tí mo kọ ọ́ ni kò mọ̀ ọ́n kà.

Aago mọ́kànlá ni wọ́n sùn. Ìtùnú jí ní aago méjìlá ààbọ̀, ó dìde lórí fóòmù, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì ṣubú sí ọ̀tún. Ó dìde, ó tún ṣubú sí ibì kan náà. Bùsáyọ̀ ní bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kú nítorí bó ṣe sùn lé e. Ìtùnú bú sẹ́kún, ìgbà náà ni mo rí ẹnu rẹ̀. Apá òsì ojú rẹ̀ ń sunkún. Apá ọ̀tún dúró jẹ́ẹ́, itọ́ sì ń ṣàn níbẹ̀. Mo gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè, mo fi í sílẹ̀, ó wálẹ̀ bí aṣọ tó tutù.

Mo pe Màmá. Ó wo ọmọ náà, ó ní kí n gbé àpò mi, ká máa lọ. Mo pe ìyá Ìtùnú lẹ́ẹ̀mẹta nínú kẹ̀kẹ́ márúwá, kò gbé e. Ìgbà kẹrin ni ẹni kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ gbé e, mo sì sọ orúkọ ilé ìwòsàn ìjọba tí a ń lọ fún un. Aago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún la wọlé síbẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, dókítà obìnrin kan tí kò dàgbà púpọ̀ sì ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀.

Mo sọ ti ìṣubú fún un, mo sọ aago rẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó wá ní, "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ kíyè sí i pé apá yìí kò ṣiṣẹ́?"

Ìyá Ìtùnú yíjú sí mi. Ó di apá mi mú láti ìgbà tó ti dé, bí ẹni tó mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣọ́ ọmọ òun dáadáa, èmi ni. Mo ní, "Nígbà tó jí ni. Aago méjìlá ààbọ̀."

Irọ́ kọ́ ni, bí èèyàn bá fẹ́ gbèjà ara rẹ̀. Ìgbà náà ni mo kíyè sí i lóòótọ́. Dókítà kọ ọ́, ó yíjú padà. Mo dúró níbẹ̀, ìwé ojúmọ́ wà nínú àpò mi, torí mo ti mú un dání láìronú. Mo wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́fà kọjá. Mo ń rò ó pé kí ni yóò yí padà. Pé ìyá rẹ̀ yóò fi apá mi sílẹ̀. Pé Màmá jókòó lẹ́yìn wa, ilé ìtọ́jú rẹ̀ ni mo sì fẹ́ tú àṣírí rẹ̀. Mo tún ń rò ó pé bó bá jẹ́ Àìṣá ló wà nínú yàrá yẹn, tí ẹnì kan mọ aago tí kò sọ ọ́, mi ò ní dárí jì í láyé.

Mo lọ bá dókítà náà. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe méjìlá ààbọ̀. Aago mẹ́wàá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni." Mo ṣí ìwé náà, mo kà á sókè bó ṣe wà.

Dókítà fa ìlà pa ohun tó kọ tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìtùnú ti fi apá mi sílẹ̀ kí n tó kà á tán.

Ó ní, "Ẹ bá a wí báwo?"

"Mo lù ú lọ́wọ́. Pẹ̀lú ìka méjì."

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì."

 Ó ní, "Èyí tó kù fún un." Kò gbé ohùn sókè. Ó lọ jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kejì, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí ọmọ náà. Rọpárọsẹ̀ ni. Màmá ní kí dókítà tún un sọ, torí àìsàn àgbàlagbà la mọ̀ ọ́n sí, àìsàn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Dókítà ṣàlàyé pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wà ní inú ọpọlọ lọ́hùn-ún, pé ti àwọn ọmọdé mìíràn kì í lágbára, ó sì lè jẹ́ pé ìkọlù kékeré bí ìṣubú láti orí àga lásán yóò dí i. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé nínú ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ibẹ̀ ló sì ń darí apá, ẹsẹ̀ àti ojú. Ó ní kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti rí i rí, ó sì lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí ní ọjọ́ kejì pàápàá, sí ọmọ tí orí rẹ̀ kò wú tí kò sì bì. Kò sí ẹni tó ṣe é fún un, kì í ṣe àmúwá ẹnikẹ́ni. Mo bi í bóyá ì bá sàn bó ṣe pé mo gbé e wá ní aago mẹ́wàá ààbọ̀.  Ó ní òun kò lè sọ pé ì bá sàn, òun kò sì lè sọ pé kò ní sàn. Ìdáhùn yẹn ni mo ń gbé kiri títí di òní. Ì bá rọrùn fún mi bó ṣe pé ó dá mi lẹ́bi.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n ń fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo máa ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ máa ń gba oúnjẹ tí mo bá gbé wá, á ní ẹ ṣé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ọmọ náà kọ́kọ́ padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń wọ́ ọ díẹ̀. Ọwọ́ kò tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, kò sì padà wá sí ilé ìtọ́jú wa mọ́.

Mo sọ fún Màmá pé mi ò ní lu ọwọ́ òsì ọmọ kankan mọ́. Ó bínú. Ó ní ṣé kí òun wá kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn pé ibí yìí la ti ń tọ́ ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ̀tún wà níbẹ̀ ná."  Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pe gbogbo wa, ó ní kí n fi ohun tí mò ń ṣe han àwọn tó kù. Kò le. Bí ọmọ bá dé láàárọ̀, àti lẹ́yìn ìṣubú yòówù kó kéré tó, mo máa na ìka mi méjèèjì sí i, màá ní kó fún wọn pọ̀. Màá ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń já máńgòrò. Màá pa á lẹ́rìn-ín, kí n lè wo ẹnu rẹ̀. Wákàtí méjì méjì ni mo ń tún un ṣe títí wọn yóò fi wá mú ọmọ náà, bí orí bá sì ti kan ilẹ̀, mo máa ń pe òbí, yálà ẹ̀jẹ̀ wà tàbí kò sí. Àwọn òbí kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìpè mi pọ̀ ju ti ilé báńkì lọ. Àìṣá, tó ti pé ọdún mẹ́jọ, kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán mọ́ láàárọ̀, á fún ìka mi pọ̀, á ní, "Mọ́mì, ó ṣì wà níbẹ̀."

Ní oṣù keje lẹ́yìn ìṣubú Ìtùnú, mo fẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìkómọ nílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè wọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ta. Jíbówú ni mo lọ.

Ìyá Ìtùnú wà nídìí káńtà, ọmọ náà jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ga sí i. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà níwájú mi lórí ìlà, tó dé fìlà, tó ní ẹ̀rín lẹ́nu, yọ súìtì kan nínú àpò, ó nà án sí i. Ìtùnú na ọwọ́ òsì. Bàbá náà fa súìtì sẹ́yìn. Ó ní, "Rárá o, ìyàwó mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ dáadáa fi ń gba nǹkan."

Ọmọ náà kò bínú, kò sì jọ ohun tuntun létí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó gbé e sókè bí ẹni tó ń gbé ọmọláńgídí, ó sì na àwọn méjèèjì síwájú pọ̀. Àwọn ìka ọ̀tún tẹ̀ wọ inú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ rí i, ó mọ̀ ọ́n," ó sì fi súìtì sí òsì.

Ìyá rẹ̀ ti dá tíkẹ́ẹ̀tì kíkọ dúró. Ó ti rí mi láti ìgbà tí mo ti wọ ìlà, mo mọ̀. Ó ní, "Àǹtí Ràṣídá, ẹ sọ fún bàbá."

Bàbá náà yíjú sí mi. Mo gbé báàgì mi sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo dé ibi bísíkíìtì, bàbá náà ti ṣí fìlà, ó ń wo ọwọ́ tirẹ̀. Ìyá Ìtùnú kò wò ó. Èmi ló ń wò, ó ń tẹ́tí sí i bóyá màá fo ibì kan. Mi ò fo ibì kankan.